Kí Eré Ìje Tó Wọ Igbó Omo: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta.

Ọlọ́lá jùlọ,

 Ẹ kú ìnáwó ọdún 2025, nígbà tí àwọn eléré ìdárayá láti ìpínlẹ̀ gbogbo rọ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa fún Gateway Games. Ìpínlẹ̀ tó ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ pé owó àti iyì ń bẹ nínú eré ìdárayá. Ìyẹn ló fún mi nígboyà láti kọ̀wé. Mo kí àwọn kọmíṣọ́nà yín tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, àyíká, eré ìdárayá àti ìrìn-àjò afẹ́, torí pé ohun tí mo gbé wá kan gbogbo wọn. Mo kí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin tí igbó Omo wà lórí ilẹ̀ yín. 

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì wà lára àwọn tó máa ń jí ní ìdájí láti sáré lójú títì kí ọkọ̀ tó pọ̀. Láìpẹ́ yìí, níbi ìpàdé àwa tí à ń sáré, ẹnìkan dìde, ó ní kí á bẹ ìjọba kó la ọ̀nà ọ̀dà wọ àárín igbó Omo. Ó ní kí wọ́n ṣán ibi tó fẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kí àwọn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa figagbága níbẹ̀, kí orin sì máa dún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ tèmi kò gbé e. Mo mọ̀ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ náà kò gbèrò ibi, igbó tó wà lásán ló rò pé òun rí. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé irú èrò yìí lè ti dé orí tábìlì yín, pé ẹnìkan lè ti kọ ọ́ dáadáa sínú ìwé, kó sì ti pè é ní ìdàgbàsókè. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bá a níbẹ̀ kí bírò tó kan ìwé.

Igbó Omo kò wà lásán. Láti 1925 ló ti di igbó ọba. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà, ó sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 135 sí Èkó, lápá ibi tí ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní gbà kọjá. Odò Omo tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ní 1946, wọ́n ya nǹkan bíi 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ láàárín rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí bí igbó ṣe máa ń rí nígbà tí àáké kò tíì dé ibẹ̀. Ní 1977, UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà àgbáyé, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn àyè tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve, tí gbogbo ayé ń bá onílé ṣọ́. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù, ní Abẹ́òkúta, ló gbọ́ èyí rí nílé ìwé?

Erin ń bẹ níbẹ̀. Ọlọ́lá jùlọ, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ wa rò pé inú oríkì nìkan ni erin kù sí. Erin inú igbó ni, kì í ṣe erin ilẹ̀ ọ̀dàn tí à ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó kéré sí ìyẹn, etí rẹ̀ ṣe roboto, eyín rẹ̀ sì nà tààrà wálẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń tán lọ, kéde pé erin inú igbó ti dé bèbè ìparun. Tiwa ní Omo kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀, àwọn díẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ tí ìjọba kankan kò lè sanwó rẹ̀. Wọ́n ń jẹ èso òro, igi tí à ń rí ààpọ̀n lára rẹ̀ fún ọbẹ̀. Wọ́n á gbé kóró rẹ̀ rìn jìnnà nínú ikùn, wọ́n á sì yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ tí yóò fi hù. Igi ńláńlá ń bẹ nínú igbó yẹn tó jẹ́ pé erin ló gbìn ín. Ìnàkí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun wà níbẹ̀, èyí tí kò sí níbikíbi láyé àfi lágbègbè tiwa yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àgbìgbò ń fò kọjá lókè orí igi, ẹ ó sì ti gbọ́ ìró ìyẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Ẹ̀dùn ọkàn mi àkọ́kọ́ rèé: à ń pa igbó yìí lójú ara wa. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ wa àti ti òkèèrè ti débẹ̀, wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn. Àwọn agégẹdú ń wọlé pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn kò ní, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ní in ló ń dúró síbi tí ìwé náà ní kí wọ́n dúró sí. Ibi tí wọ́n bá gé tán, oko kòkó á wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń rìn lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní lóru mọ irú igi tí àwọn lọ́rí yẹn ń kó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń gbìyànjú, ọ̀kadà àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni àwọn kan nínú wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbé ìbọn jù sílẹ̀ kí wọ́n lè dáàbò bo ẹran tí wọ́n ń pa lánàá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí gómìnà ń pè wá sí Òkè-Mọ́sàn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹ lè ní, kí ló wá kan eré ìje níbí? Ó kàn án gidigidi. Igbó tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò ni olè fẹ́ràn. Níbi tí ènìyàn bá ti ń rìn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń gbé awò wo ẹyẹ, ojú pọ̀ níbẹ̀, igi kò lè wó kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi wá sọ fún yín pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn igbó Omo pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ kí eré ìdárayá wọ ibẹ̀. Ojú ọ̀nà tó máa gbà wọlé ni ìjà mi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Nairobi, olú ìlú Kenya. Igbó Karura wà nínú ìlú yẹn gan-an, ó fi díẹ̀ ju 1,000 hẹ́kítà lọ. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ń gé ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé. Wangari Maathai, obìnrin ará Kenya tó ń jà fún igbó, àti àwọn tó tẹ̀lé e gbé igi lọ láti gbìn síbẹ̀, àwọn jàǹdùkú tí wọ́n háyà sì lù wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1999, orí Maathai fúnra rẹ̀ fọ́. Kò padà lẹ́yìn, ariwo ọ̀rọ̀ náà sì gba ayé kan títí pípín ilẹ̀ náà fi dúró. Ní 2004 ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn náà ti kàn wá jù ni ohun tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí igbó náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníléńlá, àwọn ọlọ́ṣà ló kù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ dá rìn ín. Àwọn ará àdúgbò wá da ọwọ́ pọ̀ mọ́ àjọ tó ń rí sí igbó ní Kenya. Wọ́n yí i ká pẹ̀lú ọgbà, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ láti àdúgbò tó yí i ká sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Lónìí, ìdílé ń rìn níbẹ̀, obìnrin ń dá sáré níbẹ̀, igi sì ń hù.

Kenya kan náà ni Lewa, ọgbà ìtọ́jú ẹranko kan, wà. Láti 2000 ni wọ́n ti ń sá eré ìje ẹlẹ́mìí gígùn láàárín ilẹ̀ tí àgbáńréré àti erin ń gbé níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ń lọ sí ìtọ́jú ẹranko àti iṣẹ́ ìlú. Ọ̀sán ni wọ́n ń sá a. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tò sójú ọ̀nà, hẹlikópítà sì máa ń wà lókè tó ń wo ibi tí ẹranko wà kí eléré àti ẹranko má baà pàdé. Nílé wa níbí, ẹ wo Òkpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, abúlé orí òkè kan tí ayé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 2013, ìje kìlómítà 10 tí wọ́n ń sá níbẹ̀ ti jẹ́ kí àwọn asáré láti Kenya àti Ethiopia mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ wo Lekki, níbi tí Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú igbó kékeré tó jẹ́ 78 hẹ́kítà péré. Àwọn ará Èkó ń sanwó kí wọ́n lè gun afárá orí igi tó gùn ní mítà 401. Bí 78 hẹ́kítà bá lè ṣe èyí, kí ni 130,500 kò lè ṣe?

Ṣùgbọ́n kí á tó máa ka owó, mo fẹ́ rán yín létí Ìwópìn. Ìjọba àtijọ́ sọ pé a ó máa ṣe bébà nílé, a kò ní máa rà á lókèèrè mọ́. Èrò tó dára ni. Wọ́n gé igbó àdáyébá ní Omo lọ rẹpẹtẹ, wọ́n gbin igi gmelina rọ́pò rẹ̀ kó lè di oúnjẹ fún ilé iṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwópìn. Ilé iṣẹ́ náà kò rìn bí wọ́n ṣe pinnu. Ìrókò tí wọ́n gé kò padà wá, ọ̀gànwó kò padà wá, bébà tí a rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ ṣán àárín igbó Omo nítorí ohun rere kan tó ń bọ̀, Ìwópìn ni ọkàn mi ń lọ sí.

Nítorí náà, Ọlọ́lá jùlọ, àwọn ohun tí mo ń béèrè rèé.

Èkíní, kí ìwé àṣẹ gẹdú nínú igbó àdáyébá Omo dúró ná. A kò lè máa pe àlejò wá wo igi níwájú ilé, kí á máa fi lọ́rí kó igi náà jáde lẹ́yìn ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹun nídìí gẹdú, láti orí ẹni tó di ayùn mú títí dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò pákó ní sọ́ọ̀mìlì, mo sì mọ̀ pé ìjọba ń rí owó níbẹ̀. Gmelina ṣì wà níbẹ̀ fún pákó. Kí wọ́n máa gé ìyẹn, kí wọ́n sì máa gbìn ín padà.

Èkejì, kí ẹ fi òfin pààlà kí ẹnikẹ́ni tó fa okùn ìje kankan. UNESCO fúnra rẹ̀ ti là á sílẹ̀ fún gbogbo irú àyè báyìí láyé pé kó ní ìpele mẹ́ta: àárín gbùngbùn tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, àyíká rẹ̀ tí a ti lè ṣèwádìí, kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, kí á sì gbádùn ara wa níwọ̀nba, àti ìta pátápátá tí ènìyàn ti ń gbé tó ń ṣe oko. Kí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà nínú máàpù tí gbogbo ayé lè rí, kí baálẹ̀ mọ̀ ọ́n, kí agégẹdú mọ̀ ọ́n. Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1946 àti ibi tí erin ń gbà kọjá, kí eléré kankan má tẹ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó gba góòlù ní Òlímpíìkì. Kí ẹ sì bá àwọn gómìnà Òǹdó àti Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ lórí èyí, torí pé igbó Olúwa àti Ṣáṣá bá tiwa pààlà, erin kò sì mọ ibi tí ìpínlẹ̀ kan ti parí.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni ẹ̀kẹta, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ẹ má la ọ̀nà tuntun. Ẹ má da ọ̀dà sínú igbó yẹn. Ọ̀nà tó dára fún bọ́ọ̀sì àlejò lọ́sàn-án ló dára fún lọ́rí gẹdú lóru. Àwọn ọ̀nà tí agégẹdú ti là sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń bẹ, wọ́n sì gba àárín oko gmelina kọjá, níbi tí a ti ba igbó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni kí á ti máa sáré. Èmi tí mò ń sáré ń sọ fún yín pé a kò fẹ́ ọ̀dà. Ilẹ̀ rírọ̀, gbòǹgbò, odò tí a ó fi ẹsẹ̀ là kọjá, òun gan-an ni adùn eré inú igbó, òun sì ni àwọn àlejò òkèèrè ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wá. Kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Alùpùpù kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àfi ti ẹ̀ṣọ́. Kó máa jẹ́ ọ̀sán nìkan, torí àfẹ̀mọ́júmọ́ àti àṣálẹ́ ni ẹranko ń rìn jù. Kí iye eléré lọ́jọ́ kan ní òǹkà. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró sí J4, ibùdó inú igbó náà níbi tí ìje yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó má tẹ̀lé wa wọlé. Ẹni tó bá sì ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìje kó tó débi ìparí.

Ẹ̀kẹrin, owó. Ènìyàn ń gbé nínú igbó Omo: ní J4, ní Tèmídire, ní Ajébándélé àti àwọn ibùdó mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti ìlú jíjìn wá ṣiṣẹ́ gmelina tàbí gẹdú, wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn ti ń bímọ. Bí àlejò bá ń wá tí àwọn ará ibùdó wọ̀nyí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọn kò ní bá wa ṣọ́ erin. Òfin Uganda ní kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko máa lọ sọ́wọ́ àwọn ìlú tó yí i ká. Kí tiwa má kéré sí ìyẹn, kó sì gba inú àpò tí ará abúlé fúnra wọn lè yẹ̀wò. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ni kó jẹ́ afọ̀nàhàn wa, kí àwọn ìyálọ́jà ibẹ̀ máa se oúnjẹ eléré, kí àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tí à ń kọ́ ní eré sísá. Kí owó tó kù di owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, bàtà wọn, aṣọ òjò wọn àti ìtọ́jú wọn nílé ìwòsàn, kó má wọ inú àpò ńlá tí ohun gbogbo ti ń pòórá.

Ẹ̀karùn-ún, ààbò. Gbogbo wa mọ ohun tí ajínigbé ti sọ ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní dà. Kò sí ẹni tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sáré nínú igbó tí kò dá a lójú pé wọn yóò padà. Kí ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti ẹ̀ṣọ́ igbó ní ibùdó kan náà níbẹ̀, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ìje àkọ́kọ́ sì dúró títí wọn yóò fi sọ pé ó yá.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ yìí, ọmọ kì í fi òótọ́ pamọ́ fún baba. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni UNESCO ń yẹ irú àyè bẹ́ẹ̀ wò bóyá onílé ṣì ń ṣe ohun tó ṣèlérí. Ìwé lè sọ pé igbó wà, àwòrán láti òkè òfuurufú á sọ ohun tó kù níbẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn asáré kò ní dákẹ́. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá dìde láàárín igbó àdáyébá, bí ọ̀dà bá wọ ibùgbé erin, àwa gan-an tí wọ́n ní wọ́n ń ṣe é fún ni a kò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. A ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yòówù tó bá fẹ́ ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀, a ó sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lókè òkun pé kí wọ́n má wá. Kò wù mí kó dé ibẹ̀. Ó wù mí kí ìje Omo di ohun tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London àti ní Houston máa fi sí kàlẹ́ńdà bí wọ́n ṣe ń fi ọdún Ojúde Ọba sí i.

Mo bẹ Ọlọ́lá jùlọ pé kí ẹ pe ìpàdé kan kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé: àwọn tó ń rí sí igbó, àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn baálẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ẹranko, àti àwa asáré. Kí a má ṣe é nínú gbọ̀ngàn ní Abẹ́òkúta. Kí a ṣe é ní J4, kí a sì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ rin ọ̀nà gmelina yẹn lẹ́yìn ìpàdé, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ibi tí eré lè gbà àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbà. A ti ṣetán láti wá lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń sáré.